ỌKỌ̀ TÍ A TÚN ṢE LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 6:13-22, Jeremáyà 18:1-6, Mátíù 18:21-22, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá yìí, lórí ọkọ̀ ojú omi ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ló kan ìjọ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ṣé kì í ṣe inú ọkọ̀ ni Ọlọ́run pa ìran ènìyàn mọ́ sí nígbà ayé Nóà? Ṣé kì í ṣe inú ọkọ̀ ni Olúwa wa jókòó sí tí ó fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó dúró létí òkun? Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ láàrin wa tí ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí, a ó sì dé orí rẹ̀ kí a tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkọ̀ náà. Kì í ṣe ọkọ̀ inú ọ̀sà tiwa níhìn-ín; ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Orúkọ rẹ̀ ni Gipsy Moth IV.

ÈKÍNÍ: ỌKỌ̀ TÓ YÍ AYÉ KÁ

Ní ìlú Gosport, ní ilé-iṣẹ́ Camper & Nicholsons, ni wọ́n ti kan ọkọ̀ yìí, wọ́n sì sọ ọ́ sínú omi ní ọdún 1966. Igi ni ara rẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n là láti ara irú ọ̀gànwó kan tí à ń pè ní ti Honduras, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn ní ìpele-ìpele títí gbogbo rẹ̀ fi di ohun kan ṣoṣo tó le. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 16. Ìgbòkun ni wọ́n ta sí i lórí, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e lọ.

Ẹni tí wọ́n kan án fún ni Francis Chichester. Ẹ̀yin ará, bàbá yìí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹni ọdún 64 ni, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró líle kan sì ti dá a dùbúlẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló wọ inú ọkọ̀ yìí, òun nìkan ṣoṣo, ní èbúté Plymouth, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1966, ó ní òun ń lọ yí ayé ká, ibì kan ṣoṣo ni òun ó sì ti yà, ní ìlú Sydney, ní Australia.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ náà dára tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Rárá o. Ó ń ráhùn nípa rẹ̀. Ó ní ó máa ń tètè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ṣòro fún ẹnì kan láti darí. Nígbà tí Sydney ṣì kù ju 2,000 máìlì lọ, ohun èlò tó ń bá a tọ́ ọkọ̀ nígbà tó bá sùn kán, ó sì ní láti máa dá ọgbọ́n mìíràn títí ó fi gúnlẹ̀. Ọjọ́ 107 ló lò lórí omi kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe fún un níbẹ̀, ó sì tún ṣí lọ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1967. Kò tíì lọ jìnnà tí ìjì fi mú un lóru, ìgbì sì dojú ọkọ̀ náà dé. Ṣùgbọ́n nítorí pé òjé wúwo wà ní ìdí rẹ̀, ọkọ̀ náà tún yí padà, ó dìde. Bàbá yìí kó ohun tó fọ́n ká jọ, ó sì tẹ̀síwájú. Ó gba Cape Horn kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti burú jọjọ, títí ó fi padà dé Plymouth ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Ọjọ́ 226 ló lò lórí omi, lọ àti bọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún náà, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi í jẹ oyè Sir ní Greenwich, létí odò Thames. Idà tí a gbà pé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní lò fún Francis Drake nígbà láéláé ni wọ́n fi kàn án ní èjìká. Gbogbo ènìyàn ń pariwo ayọ̀. Ògo ni fún bàbá náà, ògo ni fún ọkọ̀ náà pẹ̀lú.

ÈKEJÌ: ỌKỌ̀ TÍ A BU ỌLÁ FÚN TÍTÍ Ó FI JẸRÀ

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògo. Ní ọdún 1968, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Greenwich, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ nínú kòtò gbígbẹ kan tí wọ́n mọ fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá àtijọ́ tí à ń pè ní Cutty Sark. Ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ dára: kí àwọn ènìyàn lè máa wá wò ó, kí wọ́n sì máa rántí iṣẹ́ ribiribi tó ṣe. Àwọn ènìyàn sì ń wá lóòótọ́. Wọ́n ń gun orí rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan ara rẹ̀, wọ́n ń sọ pé, ọkọ̀ tó yí ayé ká nìyí.

Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún. Ọkọ̀ tí ìjì Cape Horn kò rí mú, òjò tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí á yé ara wa níhìn-ín, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Òkun ní ewu tirẹ̀ fún igi, ó ní kòkòrò tó ń lu igi, ó ní ìgbì àti òkúta. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú omi òkun a máa dá ìjẹrà dúró lára igi. Omi òjò kò ní iyọ̀. Bí ó bá rí ojú àlàfo kékeré wọlé, tí kò rí ọ̀nà jáde, tí kò sì sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ síbẹ̀, níbẹ̀ ni igi yóò ti máa jẹrà láti inú wá, tí ọ̀dà ara rẹ̀ yóò sì ṣì máa dán. Ẹni tó bá dúró lókèèrè kò ní mọ̀. Àwọn ará wa apẹja náà mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ kì í tètè bàjẹ́ bí èyí tí a fà sórí ilẹ̀ tí a sì gbàgbé síbẹ̀, tí oòrùn ń là, tí òjò sì ń pọn sí nínú.

Nígbà tó yá, wọ́n ti ọkọ̀ náà pa, wọn kò jẹ́ kí ènìyàn gùn ún mọ́. Ó wá kù kí á máa wò ó láti òkè kòtò.

Ẹ̀yin ará, ṣé a kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin wa? Mélòó nínú wa ló ń jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí kò sì ní ẹ̀rí kankan fún ọdún yìí? Aṣọ funfun wa ń dán, a ti fọ̀ ọ́, a ti lọ̀ ọ́, a jókòó síwájú. Àwọn àlejò ń wò wá, wọ́n ń sọ pé, ẹ ò rí àwọn ẹni mímọ́ yìí! Ṣùgbọ́n omi ti wọlé lójú àlàfo. Ìbínú kékeré tí a kò sọ jáde, gbèsè tí a fi pamọ́, àdúrà òru tí a ti fi sílẹ̀. Inú ni ó ti ń jẹ wá. A kò kan ọkọ̀ fún àfihàn. Omi ni a kan án fún.

ÌKẸTA: BÍ A TI Ń TÚN ỌKỌ̀ IGI ṢE

Àwọn kan dìde. Ìwé ìròyìn àwọn atukọ̀ kan, Yachting Monthly, bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ìtìjú ni kí ọkọ̀ yìí jẹrà lójú gbogbo ayé. Ní ọdún 2004, ilé-ẹ̀kọ́ atukọ̀ kan tí à ń pè ní UK Sailing Academy, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ òkun, rà á. Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ iye owó rẹ̀: pọ́n-ùn kan, àti ife ọtí kan lé e. Ẹ má bínú sí wa, bí wọ́n ti ná an nìyẹn. Ọkọ̀ tí ọbabìnrin fi oyè dá olówó rẹ̀ lọ́lá, iye tó kù tó tó nìyẹn lójú ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò wo iye ọjà. Ohun tó lè tún dà ni ó wò. Owó àtúnṣe rẹ̀ sì pọ̀ ju owó rírà lọ débi pé a kò lè fi wọ́n wé ara wọn.

Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ ẹrù, wọ́n gbé e gba títì lọ. Níbo ni wọ́n gbé e lọ? Gosport! Ilé-iṣẹ́ tó kan án ní ọdún 1966 náà ni wọ́n gbé e padà sí. Halleluyah! Wòlíì Jeremáyà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé amọ̀kòkò, ó sì rí i pé ìkòkò tó bàjẹ́ lọ́wọ́ amọ̀kòkò náà, ọwọ́ kan náà ló tún un mọ. Ọwọ́ tó ṣe wá ló mọ ibi tí gbogbo ìṣó wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ti máa ń rí, nítorí iṣẹ́ títún ọkọ̀ igi ṣe kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ títún ọkàn ṣe. Gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ kì í kọ́kọ́ mú ọ̀dà. Òòlù kékeré ni ó ń mú. Yóò máa fi kan ara igi díẹ̀díẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, yóò sì máa tẹ́tí. Igi tó le yóò dún kó, ohùn rẹ̀ yóò mọ́. Igi tó ti jẹrà yóò dún bọ̀ọ̀, bí ìgbà tí a gbá ìrọ̀rí. Níbi tó bá ti gbọ́ irú ìyẹn, yóò fi ẹnu ọ̀bẹ gún un, bí ọ̀bẹ bá sì wọlé láìjà, ó ti mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni gígé. Kì í sì í gé ibi tó jẹrà nìkan, yóò gé e dé ibi tí igi ti le. Nítorí bí ó bá fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjẹrà, tí ó lẹ igi tuntun mọ́ ọn, àtijọ́ yóò jẹ tuntun náà. Èyí ni ibi tó ń dun gbogbo wa. A fẹ́ kí Olúwa wò wá sàn, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ó fi èyí tó wù wá sílẹ̀. A ń sọ pé, Bàbá, gé ọtí kúrò, ṣùgbọ́n fi àwọn ọ̀rẹ́ inú ilé ọtí sílẹ̀ fún mi. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́.

Lẹ́yìn gígé ni dídúró. Igi tó tutù kò gba àtè. A ní láti jẹ́ kó gbẹ, bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ẹni tí ń kánjú yóò lẹ̀ ẹ́ lónìí, yóò sì tú lórí òkun lọ́la. Nígbà tó bá gbẹ tán ni a óò wá fi igi tuntun dí àyè náà, tí a gé ẹnu rẹ̀ ní dídá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ó lè di mọ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà ni ó gbẹ̀yìn. Ẹ rántí àṣẹ tí Ọlọ́run pa fún Nóà nípa ọ̀dà: nínú àti lóde ni. Àwa ènìyàn ló fẹ́ràn ti òde nìkan.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, wọ́n tún sọ Gipsy Moth IV sínú omi. Ọkọ̀ tó ti dúró lórí ilẹ̀ fún ọdún 37 tún léfòó.

ÌKẸRIN: ÒKÚTA ABẸ́ OMI

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, ọkọ̀ náà tún jáde kúrò ní Plymouth láti yí ayé ká. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe arúgbó kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pín ara wọn sí ipele-ipele, tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde ní èbúté kan sí èkejì, pẹ̀lú àwọn àgbà atukọ̀ tó ń darí wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ayé ti le fún. Ọkọ̀ tí a tún ṣe ló wá ń tún ọmọ ènìyàn ṣe.

Wọ́n la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, wọ́n gba Panama wọ òkun Pàsífíìkì. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2006, bí wọ́n ti ń lọ sí Tahiti, àṣìṣe wọ ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, ọkọ̀ náà sì forí sọ òkúta iyùn ní erékùṣù Rangiroa. Ìgbì ń gbé e, ó ń gbá a mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lu, omi wọlé. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òkúta, yóò sọ pé ó tán.

Ẹ̀yin ará, a mọ ohun tí àwọn kan lè sọ. A mọ̀ ọ́n, nítorí ẹnu àwa náà ló ti ń jáde. Wọn yóò ní: Ẹ̀yin ni ẹ fọwọ́ fà á. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ nínú kòtò ni, ṣé yóò forí sọ òkúta? Òótọ́ ni. Ọkọ̀ tó wà nínú kòtò kì í forí sọ òkúta. Ó kàn ń jẹrà ni.

Wọn kò fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fi pákó bo ojú ihò náà, wọ́n fi okùn wọ́ ọ kúrò lórí òkúta, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sí Tahiti. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá kan ti gbé e lọ sí ìlú Auckland ní New Zealand. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ tún gé, wọ́n tún dí, wọ́n tún lẹ̀. Kí ọdún náà tó pé ìdajì tán ni ó ti padà sínú omi. Ó tẹ̀síwájú, ó gba Suez, ó padà dé Plymouth ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Ẹ ka oṣù, ẹ ka ọjọ́: ogójì ọdún gééré sí ọjọ́ tí bàbá Chichester fi ọkọ̀ yìí kan náà gúnlẹ̀.

Nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ọkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù wọ̀ fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn 276 tó wà nínú rẹ̀ dé èbúté, àwọn mìíràn lórí pákó. Ìfọ́kọ̀ kì í ṣe òpin lọ́wọ́ Ọlọ́run.

ÌKÁRÙN-ÚN: Ọ̀RỌ̀ TÓ WÀ NÍLẸ̀

Nísinsìnyí a dé orí ohun tó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. Arákùnrin kan wà láàrin wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ló ń gbé orin wa sókè nígbà kan. Ọtí mú un lọ. Ó padà wá, a yọ̀, a gbàdúrà, a fún un ní aṣọ rẹ̀ padà, a sì tún fi àpótí owó ìkórè sí i lọ́wọ́ kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé a ti dárí jì í. Kò pé ọdún méjì, ó tún ṣubú, ó sì ná nínú owó náà.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ọkọ òun ń sunkún, kò lè jáde, ó ń bèèrè bóyá ìjọ ṣì lè gbà á. Àwa alàgbà jókòó. Kí a má parọ́, ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé: Ìgbà mélòó? A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wa rán wa létí pé ìbéèrè Pétérù ni a ń bi yẹn, a sì mọ èsì tí Olúwa fún un.

A tún rí àṣìṣe tiwa. Lákọ̀ọ́kọ́, a kò fi òòlù kan an. A kò bi í ní ìbéèrè, nítorí ojú ń tì wá. A kò jẹ́ kí igi gbẹ. Ọ̀dà funfun ni a sáré kùn ún, a sì gbé e síwájú kí àwọn ènìyàn máa wò ó. Òun ló ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwa la ṣe àtúnṣe tí kò dé inú.

Nítorí náà ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. A gbà á. Yóò máa san owó náà padà díẹ̀díẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Àpótí owó kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀, fún àǹfààní òun fúnra rẹ̀. Alàgbà méjì yóò máa bá a gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó máa ń ṣòro fún un jù. Ọ̀nà tó ń gbà lọ sílé, tó kọjá níwájú ilé ọtí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa yóò máa bá a rìn ín. Bí ó bá sì tún forí sọ òkúta, kí Ọlọ́run má jẹ́ o, a óò tún fi okùn wọ́ ọ.

Yóò wá sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe dúró lókè kòtò kí ẹ máa wò ó. Ẹ sún, kí ẹ fún un láyè láti jókòó. Bí orin bá sì tó, ẹ jẹ́ kí ó kọrin.

Àdúrà: Olúwa Ọlọ́run wa, Ìwọ tí o kọ́ Nóà ní ọkọ̀ kíkàn, tẹ́tí sí ohùn igi ara wa. Ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, má fi ojú fò ó. Gé e, kí o sì dúró tì wá títí yóò fi gbẹ. Má jẹ́ kí a di ohun àfihàn. Sọ wá sínú omi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

ORIN

Olúwa, gbẹ́nàgbẹ́nà mi,
Fi òòlù Rẹ kan ọkàn mi;
Ibi tó jẹrà, gé e dànù,
Fi igi tuntun dí àyè rẹ̀.

Bí mo bá forí sọ òkúta,
Má jẹ́ kí ìgbì fọ́ mi tán;
Wọ́ mi padà sí èbúté Rẹ,
Kí n tún lè ta ìgbòkun mi.

Àmín, kí ó rí bẹ́ẹ̀.